Sí Ìdòwú Tó Gbàgbé Ìbejì

Mafoluku,
Ọ̀sán Sátidé.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì wáyé,

Mo kí ọ o. Ṣé o ti jẹun? Má sọ fún mi pé o ti mu tíì, tíì kì í ṣe oúnjẹ. Ara èmi le. Ara bàbá rẹ náà le, àfi orúnkún rẹ̀ tó ní òun ò gun afárá Òṣòdì mọ́. Táíwò ní kí n kí ọ. Kẹ́hìndé ló máa mú ìwé yìí wá fún ọ lọ́la bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tú u wò.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo mú bírò. Láti Mafoluku sí Àjàó tí o kó lọ, kò ju kí n wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan lọ, mo sì lè pè ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o pè mí láàárọ̀ yìí, ìwọ ń sunkún, èmi ń pariwo, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ nínú wa. Bí mo bá sì kọ ọ́ sórí Wásáàpù, ìlà àkọ́kọ́ lo máa kà, wàá fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́ sí mi, ó parí. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Nítorí náà, jókòó, gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o sì kà á tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ lóòótọ́.

Wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn, wọ́n sì ní àwọn ṣì ń wò ọ́ ná kí wọ́n tó fún ọ ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú rẹ ni àpò irinṣẹ́ àjùmọ̀lò. Àwọn irinṣẹ́ kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, tí gbogbo ètò yòókù ń pè bí wọ́n bá nílò wọn: èyí tó ń ka ọjọ́, èyí tó ń to orúkọ, èyí tó ń gé àlàfo kúrò létí ọ̀rọ̀, àti èyí tó ń yẹ orúkọ àwọn aláìsàn wò kó lè yọ ẹni tí wọ́n bá kọ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dá wàhálà sílẹ̀.

Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú férémùwọ́ọ̀kì tí ẹ ń lò, ìyẹn àkójọ ètò tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀ tí ẹ ń kọ́ tiyín lé lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é, á kọ́kọ́ béèrè pé kí ni kí òun fi mọ̀ pé orúkọ méjì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ìwọ ní ìbéèrè yẹn ń dá iṣẹ́ dúró, pé oníkálukú ń dá a lóhùn bó ṣe wù ú. Lo bá kọ tìrẹ, èyí tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí orúkọ bàbá bá bára mu, tí ọjọ́ ìbí bára mu, tí nọ́ńbà fóònù ìyá bára mu, ó parí, ẹnì kan ni wọ́n, kí ó yọ ìkejì dànù. O dán an wò, ó yára. O gbé e sínú àpò dípò ti tẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, o ò sọ fún ẹnì kankan.

Láàárọ̀ Jímọ̀, obìnrin kan gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nílé ìwòsàn kan ní Ìsọlọ̀. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà. Orúkọ Táíwò wà níbẹ̀. Ti Kẹ́hìndé kò sí.

Ìdòwú! Bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ìyá kan náà pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ìwọ tí o bá àwọn méjì nílé yìí kí o tó dé, ìwọ tí o wọ ẹ̀wù tí Táíwò wọ̀ kù àti èyí tí Kẹ́hìndé wọ̀ kù títí o fi wọ ilé ìwé girama, ìwọ lo gbàgbé pé ìbejì wà láyé! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Wọ́n máa ń sọ pé Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì, mo sì ti ń gbèjà rẹ láti kékeré. Kí ni kí n wá sọ báyìí?

O ní nọ́ọ̀sì tó wo kọ̀ǹpútà náà ò lẹ́bi, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní, “Màmá, it's like ẹyọ kan la rí níbí o, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.” Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó tẹ̀ lé wọn ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn yìí, Kẹ́hìndé dà? Ẹ tún ẹ̀rọ yín wò o! Èmi ò ní gbé ọmọ tí ẹ ní kò sí padà sílé!” Mo mọ ẹ̀rù tó ba ìyá àwọn ọmọ náà, nítorí pé èmi náà ti pọn méjì rí. Nílẹ̀ wa níbí, a kì í ṣeré pé ọ̀kan kò sí nínú ìbejì. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ti ń pè, torí pé ibo lèèyàn fẹ́ yà sí nínú Èkó yìí tí kò ní bá ìbejì pàdé? Ẹ wá kó orúkọ wọn padà láti inú ẹ̀dà tí ẹ tọ́jú, gbogbo ọmọ gba abẹ́rẹ́ wọn, kò sí ẹni tó fara pa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó wá ku Chídì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló fọwọ́ kan ètò ilé ìwòsàn gbẹ̀yìn kí nǹkan tó bàjẹ́. Ọ̀gá yín wo ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló rí, ó sì ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ẹni tó tíì wo inú àpò irinṣẹ́ tìrẹ. Àkókò ìdánwò ni òun náà ṣì wà bíi tìrẹ. Ìwọ mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. O sì bi mí lórí fóònù pé, “Mọ́mì, wọn ò tíì bi mí o. Tí wọn ò bá bi mí, ṣé it's by force ni kí n sọ ọ́?”

Ohun tó mú mi pariwo nìyẹn. Màá padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́, torí pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, bí ọmọdé bá sì láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Jẹ́ kí n fi díẹ̀ nínú àkísà tèmi hàn ọ́.

Èkínní. Má kọ tìrẹ kí o tó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní kí n kọ ètò tó máa sọ bí ẹrù ṣe pẹ́ tó nílé ìkẹ́rùsí. Irinṣẹ́ tó ń ka ọjọ́ ti wà nínú férémùwọ́ọ̀kì wa. Mo fún un ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú pé kó ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ó ní méjì. Mo ní irọ́ ni! Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, ṣé kì í ṣe mẹ́ta ni? O mọ̀ pé ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ọjà ọrún ni ìyá mi ń ná, bí wọ́n bá sì ná an lónìí, a ó ka òní mọ́ ọn kí a tó dé ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n tún máa ná an. Àwa náà là ń pe ìjẹta ní ìjẹta, torí pé a ka ìjẹta fúnra rẹ̀, a ka àná, a tún ka òní. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹnì kan wà láyé tó ń ka ọjọ́ tí kì í ka èyí tó dúró lé.

Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà lókè òkun pé ó ń jí ọjọ́ kan gbé. Mo kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, mo kọ àpẹẹrẹ sí i, mo sì ní kí wọ́n tètè tún un ṣe kó tó kó bá àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n dá mi lóhùn tìyẹ́sítìyẹ́sí. Wọ́n ní irinṣẹ́ àwọn kì í ka ọjọ́, àárín ọjọ́ kan sí èkejì ló ń kà. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó pẹ́ gan-an tó fi ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́jọ́ níwájú àlejò.

Ìyẹn náà ò tíì tó mi. Mo kọ tèmi, èyí tó ń kà bí wọ́n ṣe ń kà á ní Ìsẹ́yìn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí Fébúárì kan fi dé tó ní ọjọ́ kan lé, ètò mi ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, ló bá dojú rú. Irinṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn ti gbọ́ nípa rẹ̀ tipẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, Àbẹ̀kẹ́. Irinṣẹ́ tó ti pẹ́ nínú àpò, ọ̀pọ̀ èèyàn tí o ò mọ̀ ló ti sunkún sí i kó tó gún régé. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n fi ẹyọ kan kún ohun tó bá kà fún mi, kí n sì kọ ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti sọ ìdí. Mo lo odidi ọ̀sẹ̀ lórí nǹkan tí ìlà kan máa ṣe.

Wàyí o, irinṣẹ́ tí o yọ kúrò yẹn, ìbéèrè tó ń béèrè kì í ṣe ìdíwọ́. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé òun ò mọ àwọn èèyàn tí wọ́n máa fi irinṣẹ́ náà kà, ó wá ní kí ẹni tó mọ̀ wọ́n sọ fún òun. Ó fi àyè yẹn sílẹ̀ fún ọmọ Yorùbá, kó wá sọ pé, “Ẹ dúró ná, ìbejì wà níbí o.” Ìwọ lo dí àyè náà pa.

Èkejì. Òfo kì í ṣe òdo. Irinṣẹ́ èyíkéyìí tí o bá fẹ́ lò, kọ́kọ́ fún un ní òfo kí o wo ohun tó máa fi ṣe. Mo kọ́ èyí lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń ta aṣọ ní Òṣòdì, ẹgbẹ́ bàbá rẹ. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣe káàdì. Lára ohun tí mo bi wọ́n ni iye ọmọ tí oníkálukú ní. Àwọn ọkùnrin kọ tiwọn. Àwọn ìyá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó sì yẹ kí n mọ̀ ọ́n, torí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, áńbọ̀sìbọ́sí kí ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ jókòó kó máa ka tirẹ̀ sórí bébà. Irinṣẹ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà bá òfo níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ di òdo láìbi mí. Káàdì jáde. Ó dán, ó rẹwà, ó sì kọ ọ́ sí i gàdàgbà lábẹ́ àwòrán olúkúlùkù ìyá pé ọmọ rẹ̀ jẹ́ òdo.

Ìyá Mùtíyátù ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wa. O rántí rẹ̀, ìyá gíga tó máa ń fún yín ní kúlíkúlí, tó bí àwọn ọmọ tí èmi ò ní kà. Ó na káàdì sí mi. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé mo yàgàn?” Mo kúnlẹ̀. Bí mo ṣe ń dìde fún òun, òmíràn ń wọlé. Gbogbo káàdì ni mo tún tẹ̀, mo sì yọ ìbéèrè náà kúrò pátápátá. Mo sọ fún ọ kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ nìkan ni kọ̀ǹpútà ti bá sọ̀rọ̀ òdì sí ìyá ọlọ́mọ.

Ẹ̀kẹta, kékeré ni. Mọ irinṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lára ohun tí o gbé fún un gan-an, kí o sì mọ èyí tó ń ṣe ẹ̀dà kó tó fọwọ́ kàn án. Télọ̀ kan máa ń gé bébà kó tó gé aṣọ. Òmíràn á gbé sísọ́ọ̀sì lé aṣọ rẹ tààrà. Àwọn méjèèjì lè mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí èkejì bá ṣì í gé, aṣọ ti lọ. Tìrẹ yìí, aṣọ gan-an lo gbé sísọ́ọ̀sì lé. Ká ní ẹ̀dà lo ṣe, tí o kàn fi àmì sí àwọn orúkọ tó jọra kí èèyàn lè wò wọ́n, nọ́ọ̀sì ì bá rí méjì pẹ̀lú àmì, á rẹ́rìn-ín pé ìbejì mà ni, ó parí. Má ṣe kọ irinṣẹ́ tó ń pa nǹkan rẹ́ bí èyí tó ń fi àmì sí i bá tó.

Èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò ní ka iye rẹ̀ mọ́. Ohun àjùmọ̀lò kì í ṣe tìrẹ nítorí pé wọ́n ní kí o máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí o ṣì ń rá, ilé oníyàrá ojúkojú la ń gbé níbí ní Mafoluku, kíṣìnnì kan ni gbogbo wa ń lò. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn ìmọ́tótó, òun ni wọ́n ní kó máa mójú tó kíṣìnnì náà. Sítóófù sọnù lọ́jọ́ kan, ó bínú, ó lọ ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, ó tì í pa, ó gba ọjà lọ. Ohun tó ṣe ò burú, ó fẹ́ dáàbò bo nǹkan wa ni. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tuntun wà nínú ilé tó fẹ́ gbé omi kaná láti wẹ ọmọ, kò rí ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìjà tó ti ibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, láńdílọ́ọ̀dù ló bá wa parí rẹ̀. Ká ní ó ti kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan pé, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ o,” ẹnì kan ì bá ti sọ fún un pé ọmọ tuntun wà níbí.

Nítorí náà, kí o tó pààrọ̀ ohunkóhun nínú àpò yẹn, kan ilẹ̀kùn. Béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń pè é pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Má bẹ̀rù pé wọ́n á ní o ò mọ iṣẹ́. O ti ní àìsàn yìí láti kékeré, pé kí wọ́n má ṣáà rí i pé o béèrè. Nígbà tí Táíwò ń kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà, o tì í dànù pé o mọ̀ ọ́n, o sì fi okùn bàtà tó ń wọ́ nílẹ̀ lọ síléèwé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mi ò rò pé ìwà yẹn máa bá ọ dàgbà.

Nípa àyẹ̀wò tí o ní o ṣe. O kà á fún mi, mo sì gbọ́. Gbogbo ọmọ tí o fi dán irinṣẹ́ rẹ wò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ìyá wọn bí wọn. Irú àdúgbò wo nìyẹn? Bí o bá tún fẹ́ dán nǹkan wò, kó àwọn èèyàn wa sínú rẹ̀. Kọ ìbejì, kí o sì kọ ìbẹta. Kọ àwọn ọmọ orogún tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà fún bàbá kan náà. Kọ ìyá tí kò ní fóònù, tó ń lo ti alájọgbélé rẹ̀, àti alájọgbélé náà pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Kọ ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ torí pé ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé. Àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn wọlé nìyẹn, ní Ìsọlọ̀ níbẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tán. Jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Chídì.

Àbẹ̀kẹ́, mi ò bínú nítorí pé o ṣe àṣìṣe. Gbọ́ èyí dáadáa. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó ti ba nǹkan jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa kù síbẹ̀ láti tan iná ọ́fíìsì. O ṣe é, ẹ ti tún un ṣe, o sì ti kọ́gbọ́n. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí ni ibi tí o ti ní wọn ò tíì bi ọ́.

Wọn ò ní bi ọ́. Ìyẹn ni wàhálà rẹ̀. Orúkọ Chídì ni wọ́n rí, ọkàn wọn ti balẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé á dúró níwájú ọ̀gá, wọ́n á ní kó ṣàlàyé, kò ní rí àlàyé kankan ṣe torí pé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣe ló máa ń jọ ẹni tó ń purọ́. Ìwọ á sì wà nídìí tábìlì rẹ, wàá máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìwọ lo sọ fún mi fúnra rẹ pé òun ló kọ́kọ́ fi ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ tó dáa hàn ọ́, pé lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ dé, tí àga ò kárí, ó gbé tirẹ̀ fún ọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Mo ti gbàdúrà fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ tí o sọ ọ́ fún mi, láìmọ̀ ọ́n rí.

O lè rò pé tí wọ́n bá ní kó máa lọ, á rí iṣẹ́ mìíràn. Bóyá á rí i. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi í ní ibi iṣẹ́ mìíràn pé kí ló dé tó fi kúrò ní ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ náà á dúró síbi iṣẹ́ yín, owó oṣù á máa wọlé, o lè fi ra nǹkan wá fún mi, mo sì lè jẹ ẹ́ láìmọ ibi tó ti wá. Ṣé o rí i pé mo mọ̀ báyìí? O ti sọ fún mi, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Èyí ni kí o ṣe. Má dúró dọjọ́ Ajé kí o tó bá Chídì sọ̀rọ̀. Bí o bá ti ka ìwé yìí tán, pè é. Má jẹ́ kó jẹ́ pé níwájú ọ̀gá ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́, torí pé òun ló ti ń fi ọkàn wúwo sùn. Sọ fún un pé, “Chídì, èmi ni. Inú àpò irinṣẹ́ ló ti wá, kì í ṣe inú ètò tìrẹ.” Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Bó bá já fóònù mọ́ ọ létí, fi í sílẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, tètè débẹ̀ kí ọ̀gá tó pè é. Wọlé, kí i, dúró dáadáa. Má bẹ̀rẹ̀ látorí bí irinṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ṣe ń dá iṣẹ́ dúró, àwáwí lẹni tó bá gbọ́ ọ máa pè é. Má sunkún, torí pé bí o bá sunkún, wọ́n á máa bẹ̀ ọ́ dípò kí wọ́n gbọ́ ọ. Sọ pé ìwọ lo kọ ọ́, sọ ohun tó ṣe, fi ibi tó wà hàn án, sọ bí o ṣe máa tún un ṣe àti àwọn tí o máa kan ilẹ̀kùn wọn kí o tó fọwọ́ kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Bó bá bi ọ́ pé ìwọ ọmọ Yorùbá, báwo lo ṣe gbàgbé ìbejì, sọ fún un pé Ìdòwú ni orúkọ rẹ. Ó ṣeé ṣe kó rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, má fi ṣe.

Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé wọ́n á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọ. Àwọn kan máa ń sọ fún ọmọ wọn pé bó bá sọ òótọ́, gbogbo nǹkan á dára. Èmi ti dàgbà ju kí n sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa gbé ọwọ́ lé ọ léjìká pé o ṣe ohun tó tọ́, wọ́n á sì ní kí o kó ẹrù rẹ. Mo mọ̀ bí o ṣe wá iṣẹ́ yìí pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé o ti san owó ilé, mo mọ̀ pé o ti ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá tìrẹ han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ó dùn mí débi pé mo dìde nídìí ìwé yìí, mo lọ ṣe àlùwàlá, mo kírun kí n tó padà wá jókòó. Mo ṣì ń sọ fún ọ pé kí o lọ sọ ọ́.

Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ ni, ìwọ ni kí o sọ fún un nígbà tó bá yá, lẹ́yìn ọjọ́ Ajé.

Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ nítorí pé o jẹ́wọ́, gba ilé wá tààrà. Má ya ibì kan, má sì jókòó sínú yàrá yẹn kí o máa dá sunkún. Yàrá rẹ ṣì wà níbí, màá gbọn bẹ́ẹ̀dì rẹ, màá se ìrẹsì, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn, èmi àti ìwọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Chídì ni wọ́n ní kó máa lọ, tí ìwọ sì dákẹ́, má tíì wá sílé. Kì í ṣe pé mo lé ọ, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò kàn mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ọ kí n má sì lè wò ọ́ lójú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.